Òfin Tuntun fún Ẹni Tó Bá Pe Ará Ṣáínà Wá Jẹun

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Ọsàn, tọmọdé tàgbà! Ẹni ń gúnyán, kó gbé ọmọrí odó sílẹ̀. Ẹni ń sùn, kó ya etí kan sọ́tọ̀ fún mi. Baálẹ̀ ló rán mi.

Òfin ni mo gbé wá. Ṣùgbọ́n òfin yìí ní ìyá tó bí i, ẹ ó sì gbọ́ ìtàn ìyá náà kí ẹ tó rí ojú ọmọ. Ẹ fara balẹ̀. Èmi ò kánjú, agogo mi náà ò kánjú.

Gbogbo yín mọ Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́nì, ọ̀gá àwọn ará Ṣáínà mẹ́jọ tó ń ṣe afárá odò Àlùwẹ̀ fún wa. Ẹ ò sì tíì gbàgbé èṣí. Odò kún, ọjọ́ mẹ́sàn-án la ò fi lè gbé aláìsàn kọjá sí ilé ìwòsàn. Ẹni méjì la sin. Òjò tọdún yìí ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ṣẹ́nì ní ìwé kékeré kan nínú àpò. Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́. Á kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sápá kan, á kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè tiwọn sápá kejì, á wá kọ bí wọ́n ṣe ń lò ó sísàlẹ̀. Ó kọ "fúùdù". Ó túmọ̀ rẹ̀ sí oúnjẹ. Ìyẹn ò burú. Ìgbà tó di bí wọ́n ṣe ń lò ó ló kó sí wa lọ́wọ́.

Ẹ̀yin náà lẹ jókòó ti abọ́. Ọkùnrin náà ń kọjá. Ẹ ní "Kọ́mù, fúùdù", kí aládùúgbò lè mọ̀ pé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni, ẹnu lásán ni. Ọmọ Yorùbá á ní "Á gba ibi ire o", á bá tirẹ̀ lọ. Ta ló sọ fún Ṣẹ́nì? Àlejò lójú, kò fi ríran. Ó jókòó. Ó fọwọ́. Ó jẹun. Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé bí wọ́n bá dárúkọ fúùdù fún ọ ní Ìdí-Ọsàn, jókòó kíá, àìjókòó ìwà àfojúdi ni. Ó wá fi kọ́ àwọn méje yòókù.

Nílé olùkọ́ àgbà, mọ́ínmọ́ín mọ́kànlá ni wọ́n jẹ, olùkọ́ àgbà fi ewé lásán mumi. Nílé tèmi, mi ò fẹ́ sọ ọ́. Ìyá Abímbádé nìkan ni kò ráhùn, opó tí ń gbé lẹ́bàá kànga. Èkuru abọ́ kan péré ni Ìyá ní. Ìyá pín in sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, Ìyá ní ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá òun jẹun.

Àwa yòókù ń jẹun lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí olè. Síbẹ̀ ẹnu wa ò yé pè wọ́n.

Lọ́jọ́bọ̀, Làmídì bíríkìlà, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, jókòó síta pẹ̀lú iyán àti ẹran ìgbẹ́. Ṣẹ́nì yọ. Làmídì pè é. Ṣẹ́nì jókòó. Ni Làmídì bá gbé abọ́, ó sá wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní parọ́. Ṣẹ́nì bi wá pé kí ni òun ṣe. Ẹnìkan nínú yín, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, àmọ́ rédíò ló ń tún ṣe, dá a lóhùn pé, "Ọ̀gá, ẹnu lásán ni. Oṣù kan gbáko lẹ ti ń jẹ ohun tẹ́nikẹ́ni ò fún yín."

Ẹyin lohùn. Ṣẹ́nì yọ ìwé, ó fa ìlà gbọọrọ pa fúùdù rẹ́. Láti àná, ẹ̀rọ tí ń po kọnkéré ò yí. Wọ́n ń di ẹrù. Wọ́n ní ẹlòmíràn yóò wá parí afárá lẹ́yìn òjò.

Lẹ́yìn òjò! Ó dáa. Ẹ gbọ́ àṣẹ.

Èkíní. Ẹni bá sọ pé "wá jẹun", ó ti pe èèyàn nìyẹn. Kò gbọdọ̀ sá. Mo tún un sọ: kò gbọdọ̀ sá.

Èkejì. Ẹni tí kò fẹ́ àjọjẹ, kó kọjú sógiri, kó máa jẹ bí ológbò. Ológbò kì í pe èèyàn.

Ẹ̀kẹta. Ẹni bá fẹ́ kọ́ ará Ṣáínà ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọ̀rọ̀ tó léwu.

Ẹ̀kẹrin. Ẹni bá rú òfin yìí yóò ru ogójì agbada yanrìn lọ sídìí afárá. Bó bá tún un rú, yóò máa se oúnjẹ fáwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ títí afárá yóò fi parí.

Ẹ̀karùn-ún, Làmídì, tìrẹ nìkan ni. Gún iyán ẹni mẹ́jọ. Fi orí ara rẹ gbé e lójú ọ̀sán gangan lọ́la, lọ bẹ̀ wọ́n. Má ran ìyàwó. Ìwọ lo sá, ìwọ lo máa gbé e. Mo gbọ́ ohun tóò ń kùn lẹ́yìn fèrèsé, o ní ṣé torí iyán lásán. Torí afárá ni, àbúrò.

Ó ku ẹyọ kan. Láàárọ̀ yìí, kí òfin tó jáde rárá, Ìyá Abímbádé ti gbé èkuru lọ bá wọn létí odò. Ìyá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ìyá gbé abọ́ kalẹ̀, Ìyá jókòó tì wọ́n. Ṣẹ́nì ṣí ìwé, ó tún fúùdù kọ, ó sì kọ ilé Ìyá nìkan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀. Ó fi han olùkọ́ àgbà, ó ní lírọ̀lẹ́ yìí òun ń bọ̀ wá wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lò ó nílé yòókù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ yóò yí lọ́la. Bí ilẹ̀kùn kan bá tì, ó dìgbà.

Mo ń wò wọ́n látorí òkúta tí mo dúró sí yìí. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni. Kálukú mú síbí lọ́wọ́. Ẹ bu omi kún ọbẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn.

Ohun tí Baálẹ̀ rán mi nìyẹn. Ẹnu Ìyá Abímbádé ni mo ti gbọ́ ìtàn èkuru, ẹnu èmi Àríyọ̀ alágogo lẹ ti gbọ́ ọ. Ẹni bá sọ pé òun ò gbọ́, ilé rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ mú wọn lọ.