Ẹnì Kan fún Bẹ́ẹ̀dì Kan

Ọláṣùpọ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹnu rẹ̀ ni wàhálà rẹ̀. Bí ẹ bá ṣèèṣì kí i ní Ìkọ̀tún pé "ẹ kú ooru," ẹ ti dáràn! Wákàtí kan gbáko ni yóò fi ṣàlàyé fún yín bí atẹ́gùn ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde, àti bó ṣe máa ń gbàṣẹ lẹ́nu òun kó tó fẹ́.

Dókítà Kọ́lápọ̀ fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn alájà mẹ́rin sí Ìgándò, èyí tí jẹnẹrétọ̀ kò ní máa mu epo bí omi níbẹ̀. Ó ní kí Ọláṣùpọ̀, ẹńjíníà tó ń ṣètò atẹ́gùn inú ilé, bá òun wá ìwọ̀n atẹ́gùn tó kéré jù tó lè tó àwọn aláìsàn. Ọláṣùpọ̀ ṣí kọ̀ǹpútà, ó ya wọ́ọ̀dù sínú rẹ̀, ó to bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ àti ènìyàn mẹ́jọ sí i. Kọ̀ǹpútà ní fèrèsé méjì ti tó.

Nọ́ọ̀sì Àdíját, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àtijọ́ Dókítà, yọjú wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ń wá kí aláìsàn ńkọ́?"

"Ẹnì kan fún bẹ́ẹ̀dì kan! Kọ̀ǹpútà kì í purọ́."

"Ẹ ṣá kọ́kọ́ wá wò wá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́."

"Èmi? Kí n wá máa ka orí ènìyàn bí àgbò Iléyá? Lọ jàre!"

Dókítà ní kí wọ́n dán an wò ní wọ́ọ̀dù àtijọ́ fún ọjọ́ kan: kí wọ́n ṣí fèrèsé méjì péré, kí wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù. Bó bá yọrí sí rere, Ọláṣùpọ̀ ló ni iṣẹ́ ilé tuntun náà. Ó sì ti fi yangàn fún gbogbo ẹbí, láti Àgbàdo dé Òkè-Odò, bí ẹni pé iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ara tu gbogbo wọn. Ọláṣùpọ̀ wọ kóòtù, ó so táì, ó ń yan fanda kiri.

Aago mẹ́rin lù. Yéè! Ìyá mọ́kànlá láti ẹgbẹ́ àdúrà Àsàláátù wọlé tọ Alhaja tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kìíní. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yí bẹ́ẹ̀dì kẹta ká, wọ́n gbé orin. Bàbá kan tilẹ̀ gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé. Kóòtù Ọláṣùpọ̀ rin gbingbin fún òógùn.

"Ẹńjíníà, ṣé kò gbóná báyìí?" Dókítà bi í.

"Rárá o, sà! Atẹ́gùn ṣì ń palẹ̀ mọ́ ni. Ó ń..."

Gbì! Ọláṣùpọ̀ ti ṣubú lulẹ̀.

Wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé, wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì kẹjọ tó ṣófo, wọ́n sì pe Ọmọ́wùnmí ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tí yóò fi lajú, kò rí àjà ilé mọ́. Ojú àwọn ẹbí rẹ̀ ló rí, wọ́n bò ó bámúbámú.

Dókítà Kọ́lápọ̀ rọra gba àárín wọn kọjá. "Ẹńjíníà, ẹni mélòó lẹ ní fún bẹ́ẹ̀dì kan?"

Ọláṣùpọ̀ na ìka, ó ń kà á lábẹ́lẹ̀. Ó dé orí mẹ́tàdínlógún kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó gbá ìka náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Má kà wá o! Ta ní ń ka ẹbí? Àwọn tó kù gan-an ò tíì dé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Pleasure!"