Ọba Òkùnkùn Ṣí Lọ sí Nọ́wè

Bí ẹ bá pàdé Japhet Ṣótúndé ní Sabon Gari, ní Kano, ẹ má pè é ní Japhet. Kò ní dáhùn. Ẹ má pè é ní Ṣótúndé náà. Ó ní orúkọ akọ̀wé rélùwéè nìyẹn, pé bàbá bàbá òun ti lò ó gbó. Orúkọ tó ń jẹ́ ni Ọba Òkùnkùn Biribiri, Ìgbákejì Òru, Ìkookò Abohùn-bí-ààrá. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ṣì ń pè é ní Jàfẹ́ẹ̀tì, pàápàá nígbà tí omi bá tán nínú àgbá.

Orin ni iṣẹ́ ọba yìí. Kì í ṣe orin tí ẹ mọ̀ o. Blákì mẹ́tà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ta gìtá títí ògiri á fi máa gbọ̀n, wọ́n á lu ìlù bí ẹni tí wọ́n ń lé, olórin á wá máa bú ramúramù bíi pé eegun ẹja há a lọ́fun. Wọ́n á tún kun ojú ní funfun àti dúdú kí wọ́n lè jọ òkú. Ti Japhet tilẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, torí ó fi fáyólìn, fèrè àti kàkàkí kún un, gbogbo rẹ̀ láti inú kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí Olúfúnlọ́lá ń tẹ̀.

Olúfúnlọ́lá yìí ló ń tẹ dùùrù ní Ìjọ Aládùúrà Òkè Ìmọ́lẹ̀, òun náà ló sì ń kọ ohùn òkè nínú orin Japhet. Ernest ló ń lu ìlù. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni pé ó ń ṣọ́ yàrá yìnyín tí wọ́n ń tọ́jú ẹja sí ní Bompai. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi Japhet pé ta ló wà nínú ẹgbẹ́, á ní, "Èmi ni."

Aṣọ dúdú ló yẹ irú ọba bẹ́ẹ̀. Japhet gbé sùtánà funfun tí ìyá rẹ̀ rán fún un lọ sí kòtò aró ní Kofar Mata. Malam aláró ní kó fi sílẹ̀ kó pẹ́, pé aró kì í dúdú lójú ẹsẹ̀.

"Ọba kì í dúró de omi," ni Japhet wí. Ó fa aṣọ yọ. Búlúù ni. Láti ìgbà náà ni Ọba Òkùnkùn ti ń jáde nínú aṣọ tó jọ yúnifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó láyà láti sọ fún un.

Ọjọ́ kan wá pé tí ẹnì kan ní Nọ́wè gbọ́ orin wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni náà kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ohùn ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn yẹn dùn o. Ẹ wá kí wa lọ́jọ́ kan." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́nu Japhet, Nọ́wè ti ránṣẹ́ pè é.

Wòlíì Aaron, olórí ìjọ, dìde lórí àga rẹ̀. "Kí ni wọ́n ní kí o wá ṣe níbẹ̀, ọmọ mi?"

"Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wa ṣí wá pátápátá, Bàbá. Wọ́n ní òkùnkùn tàwọn ò tó."

"Òkùnkùn kẹ̀?"

Japhet tún un sọ kíá. "Òkùnkùn tí ìmọ́lẹ̀ máa là kọjá ni, Bàbá."

"Halleluyah!" ni gbogbo ìjọ dáhùn, ọ̀rọ̀ sì parí.

Wọ́n gbàdúrà ìrìn-àjò fún un. Wọ́n da òróró sí i lórí títí ó fi ṣàn bọ́ sójú. Wòlíì wá kéde pé tí ìkórè bá dé, àwọn á fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀dọ́ Òkè Òkun, àwọn á sì fún un ní àga pupa kan ní ìlà iwájú. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: àga pupa. Bàbá bàbá rẹ̀ tó bá rélùwéè dé Kano, orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ló jókòó sí títí ó fi kú. Bàbá rẹ̀ ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ni. Kò sí Ṣótúndé kankan tó tíì fìdí kan àga pupa rí. Japhet lè gbàgbé Nọ́wè, kó gbàgbé gìtá, ṣùgbọ́n àga yẹn ń wọ ojú oorun rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀ títí gèlè rẹ̀ fi tú.

Àwọn tó ń fúnni ní físà wò ó lókè, wọ́n wò ó nílẹ̀, wọ́n ní rárá.

Ẹni tó bá gbọ́n ì bá lọ bá Wòlíì, kó ní, "Bàbá, ọ̀nà ò tíì là." Wọn ì bá kí i pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n òróró ti wà lórí, a kì í sì í dá òróró padà sínú ìgò. Japhet di ẹrù rẹ̀, ó juwọ́ sí ìyá rẹ̀, ó ní òun ń lọ wọ bàálù. Bí kéké tó wọ̀ ṣe yà kúrò ládùúgbò báyìí, Bompai ló gbà.

"Ernest," ló wí, "kí ni Nọ́wè ní tí yàrá yìnyín yín kò ní?"

Ernest ronú. "Òyìnbó."

"Òyìnbó kì í jáde nínú òtútù. Ṣílẹ̀kùn."

"Ọ̀gá, this thing go cast o, àṣírí á tú. Ẹgbẹ́ ńkọ́? Èmi àti Fúnlọ́lá ṣì wà ní Kano."

"Èmi ni ẹgbẹ́. Bí mo bá ti lọ, ẹgbẹ́ ti lọ nìyẹn."

Bí Ọba Òkùnkùn ṣe ṣí lọ sókè òkun nìyẹn, ibi tí kéké á gbé èèyàn dé kó tó jẹ gúgúrú tán. Ọ̀dọ̀ mẹ́gádì ẹnu géètì ibẹ̀ ló ń sùn. Masa mẹ́gádì ló ń jẹ láàárọ̀. Tó bá yó tán, á fi fúláwà kun ojú, á fi tìróò tó jí gbé nínú báàgì ìyá rẹ̀ yí ẹyinjú ká, á gbé kóòtù iṣẹ́ Ernest wọ̀ lórí sùtánà búlúù, á sì wọ inú yìnyín lọ. Ernest á ya fídíò rẹ̀. Èéfín ń jáde lẹ́nu ọba, yìnyín ń dán lára ògiri. Sabon Gari á wò ó, á gbọ̀n.

"Jàfẹ́ẹ̀tì, ṣé ò ń jẹun?" ni ìyá rẹ̀ á bi í lórí fóònù.

"Ẹja ló pọ̀ níbí, Màmá. Ibi tí mo bá yíjú sí, ẹja ni."

Kò purọ́ níbẹ̀ yẹn. Páálí ẹja kún yàrá náà dé àjà, wọ́n sì kọ Nọ́wè gàdàgbà sí wọn lára. Nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ẹja nìkan ló ti Nọ́wè dé ní tòótọ́.

Nígbà tí ìkórè ku díẹ̀, Olúfúnlọ́lá pè é. "Japhet, jọ̀ọ́, sọ òtítọ́ fún Màmá. Wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín lónìí, wọ́n á gbàgbé lọ́la."

"Ìlara ló ń bá ẹ jà."

"Ìlara kẹ̀? Ohùn mi ni ẹni yẹn ní ó dùn."

"Ó gbọ́ ohùn rẹ torí pé mo dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan."

Olúfúnlọ́lá gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ ìkórè pé. Wọ́n ta aṣọ funfun ńlá sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kí àwòrán Japhet lè hàn lára rẹ̀ láti òkè òkun, lójú ẹsẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ya wá. Kì í ṣe ọmọ ìjọ nìkan o. Àwọn télọ̀ Hausa wá, àwọn Ìgbò tó ń ta páàtì ọkọ̀ wá, àwọn ọmọdé gun fèrèsé. Ìyá Japhet jókòó sórí àga pupa náà ní ipò ọmọ rẹ̀, ó rọra ń fọwọ́ pa á lára bíi pé ọmọ tuntun ni.

Bẹ́ẹ̀, ìjọ yìí ní òfin kan: àlejò kì í ti ibi ìkórè lọ láìjẹun. Màmá Àpèkẹ́ ni olórí àwọn tó ń dáná lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò ráyè wo àwòrán, fóònù rẹ̀ kò sì mọ̀ ju ìpè lọ. Nígbà tó máa yẹ ìkòkò wò, ọbẹ̀ kù, ẹja ti tán.

"Ta ló kó gbogbo èèyàn yìí wá?"

"Japhet tó wà ní Nọ́wè ni, Màmá."

"Olúwa á bù kún un." Ó gbé bàsíà rẹ̀, ó wọ kéké, ó forí lé Bompai níbi tó ti máa ń ra ẹja láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ní Bompai, Ọba Òkùnkùn ń gbára dì. "Ernest, ti ilẹ̀kùn pa."

"Wọn kì í fi kọ́kọ́rọ́ sí cold room láti inú, kí èèyàn má bàa gan síbẹ̀. Àti pé Sunday nìyí o, customer fit come."

"Customer wo? Gbogbo Sabon Gari ló ń wò mí."

Àwòrán hàn. Ariwo sọ. Olúfúnlọ́lá tẹ dùùrù nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Japhet sì bú ramúramù láti Nọ́wè débi pé ọmọ kan já bọ́ lójú fèrèsé.

"Ọmọ mi," ni Wòlíì Aaron wí, "ṣé òtútù pọ̀ níbẹ̀?"

"Bàbá, yìnyín laṣọ mi! Òtútù ló ń pè mí ní ọ̀gá!"

"Ó dára. Kí a tó fi ọ́ jẹ, a ó gbàdúrà. Ibi tí o dúró sí ti di ilẹ̀ mímọ́. Bọ́ bàtà rẹ."

Japhet wo ilẹ̀. Yìnyín ló wà nílẹ̀, ó ń dán. "Bàbá, ilẹ̀ ibí yìí..."

"Bọ́ bàtà."

Ní Òkè Ìmọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fi bàtà gbàdúrà, ọba ni o, ìkookò ni o. Japhet wo ojú fóònù. Ó rí àga pupa. Ó rí ìyá rẹ̀ lórí rẹ̀, gèlè rẹ̀ ga fíofío. Ó bọ́ bàtà.

Wòlíì bẹ̀rẹ̀ àdúrà láti orí Ádámù. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Nóà, àtẹ́lẹsẹ̀ Japhet ti ń ta á bí iná. Ní ọ̀dọ̀ Ábúráhámù, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Nígbà tí Mósè máa fi dé etí òkun, ọba ti ń fò sókè sódò.

"Ẹ̀mí ti bà lé e!" ni ìyá àgbà kan ké.

Ṣọ́ọ̀ṣì gbiná. Àwọn obìnrin di ọ̀já mọ́dìí, wọ́n ń lu aago, wọ́n ń bá Japhet fò. Wòlíì rí i pé àdúrà náà ń ṣiṣẹ́, ló bá padà sọ́dọ̀ Nóà.

"Wayyo!" ni Japhet ń ké nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Wayyo Allah, ƙafata!"

"Ó ti ń fọ èdè àjèjì!"

"Hausa ne fa," ni ọmọ kan wí lójú fèrèsé, pé èdè Hausa lásán ni, ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ tirẹ̀?

Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Oòrùn Kano wọ Nọ́wè. Màmá Àpèkẹ́ wọlé nínú sùtánà funfun pẹ̀lú bàsíà lọ́wọ́, gbogbo ìjọ sì rí i lára ògiri.

"Ernest! Titus páálí méjì, kíákíá! Àwọn àlejò Japhet ti jẹ ẹja wa tán!"

Ó rí ẹni tó ń fò. Ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka nu fúláwà díẹ̀ kúrò lójú rẹ̀.

"Jàfẹ́ẹ̀tì? Ìgbà wo lo dé láti Nọ́wè?"

Ẹ wò ó, àkókò ṣì wà fún ọmọlúwàbí láti sọ òtítọ́. Japhet rántí àga. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yìnyín. "Màmá," ló wí, "ẹ káàbọ̀ sí Nọ́wè."

Màmá Àpèkẹ́ wò yíká. "Kéké ni mo wọ̀ wá."

Oníkéké yọrí sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó yára, òun ń dúró. "Mama, ki yi sauri mana! Ina jira!"

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, télọ̀ kan bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì gba gbogbo ilé bí omi tó já ìdídò. Àwọn tó wà lójú fèrèsé bọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀rín má bàa já wọn bọ́. Wòlíì Aaron fi Bíbélì bojú, ejìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ìyá Japhet nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó yíjú wo àga náà, ó gbé e rù, ó sì gba àárín èrò jáde. Japhet rí i lójú fóònù bí àga pupa ṣe ń lọ lórí ìyá rẹ̀. Ó pè é, ó ní, "Màmá, ẹ dúró!" Kò dúró. Ìgbà yẹn ni ìtìjú tó mú ọmọ náà gan-an, ó sì gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń dun òun.

"Gbé páálí yẹn," ni Màmá Àpèkẹ́ wí. "Ìkórè ń dúró."

Inú kéké ni Ọba Òkùnkùn ti bọ̀ láti òkè òkun, ẹja lórí itan rẹ̀, fúláwà àti tìróò ń ṣàn bọ́ sí àgbọ̀n. Àwọn ọmọdé ti tò sójú ọ̀nà. "Oyoyo, Nọ́wè! Oyoyo, Nọ́wè!" Ó ní wọn ò gbọdọ̀ pe òun bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn dòní.

Ìyá rẹ̀ ti gbé àga pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi aṣọ tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò nu àga náà dáadáa.

"Jókòó, Ààrẹ. Àga rẹ nìyí."

Ọmọ Ṣótúndé fìdí kan àga pupa. Ìyá rẹ̀ ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó gbé ẹja síwájú rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Wòlíì ti ní kí Olúfúnlọ́lá wá kọrin kí àwọn èèyàn lè jókòó jẹ́ẹ́. Ohùn rẹ̀ dìde, kò sí ìkookò kankan tó bú mọ́ ọn, gbogbo àdúgbò sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Japhet náà gbọ́ ọ. Ó dùn lóòótọ́.

Ó fi ọ̀bẹ họ ẹja. Ọ̀bẹ yọ̀. Ó tún họ ọ́. Ẹja ti gan bí òkúta. Ó gbójú sókè wo ìyá rẹ̀.

"Bú ramúramù sí i," ni ìyá rẹ̀ wí. "Bóyá á yọ́."