Bíríkìlà tó yan ilé ara rẹ̀ lódì

Lánàá ni ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀, tó mú kí ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín ṣubú lórí àga. Bàbá Bíríkìlà ló pẹjọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi mọ ilé rẹ̀, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tó ti ń jókòó sínú òkùnkùn nínú pálọ̀ rẹ̀.

"Ta lo pè lẹ́jọ́?" Baálẹ̀ bi í.

"Ọmọkùnrin yìí ni, Kábíyèsí. Aṣelélóge ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó mi ló ní kó wá tún pálọ̀ wa ṣe. Ó lẹ bébà olódòdó mọ́ gbogbo ògiri, ó sì bo gbogbo súìṣì iná mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ó ní ilé ti di ọlọ́gbọ́n, pé ẹnu là ó máa fi tan iná, ẹnu là ó máa fi ṣí kọ́tìnnì, ẹnu náà ni fáànù yóò gbọ́."

"Ṣé ẹnu ń dùn ọ́ ni?"

"Ẹnu mi le koko! Mo ní, 'Tan iná.' Ilé dá mi lóhùn pé, 'Mi ò gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.' Èmi! Ilé tí mo fọwọ́ mi po sìmẹ́ǹtì rẹ̀! N kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún ẹnikẹ́ni, Kábíyèsí. Ọjọ́ náà ni mo yàn án lódì."

Àwọn ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Bíríkìlà ń wo eyín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń di olúkúlùkù wọn sínú.

"Kí lo wá fẹ́?"

"Kó fọ́ ògiri yẹn, kó wá súìṣì mi jáde fún mi."

Aṣelélóge fò dìde. "Kábíyèsí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ o! Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe rí nìyẹn. Súìṣì lára ògiri, bí eéwo ni lójú ìyàwó tuntun. Ta ní ń fi eéwo han àlejò? Ilé ò sì yájú sí bàbá. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́rọ̀ ni ò lẹ́wà, ni mo bá gbé e pamọ́ sínú ìkòkò òdòdó nílẹ̀. Kí bàbá kàn máa bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n sún ẹnu mọ́ ọn."

"Ẹ gbọ́ o! Ó ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún òdòdó! Òdòdó ọ̀hún kì í tilẹ̀ ṣe ojúlówó, rọ́bà ni!"

Wọ́n pe ìyàwó bàbá.

"Irọ́ ni, Kábíyèsí. Ilé ń gbọ́ tèmi láìbẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ràn ju ọkọ mi lọ."

"O kì í bẹ̀rẹ̀ rárá?"

"Rárá o."

Ìyá Aránṣọ, tí ilé rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ tiwọn, ti na ọwọ́ sókè. "Irọ́ ló ń pa! Láti ojú fèrèsé mi ni mo ti ń rí i, orí ìkúnlẹ̀ ló máa ń wà. Mo ṣebí àdúrà ló ń gbà."

"Kọ́tìnnì bo fèrèsé wa pa. Báwo lo ṣe rí mi?"

"Tí mo bá ti wúkọ́ báyìí, kọ́tìnnì yín á ṣí fúnra rẹ̀!"

"Mo sọ fún yín!" Aṣelélóge kígbe. "Ẹ̀rọ mi ń gbọ́rọ̀!"

"Ó gbọ́ ikọ́ aránṣọ lójúde, kò gbọ́ ti onílé tó dúró tì í," Bàbá Bíríkìlà wí. "Ṣé ẹ rí i pé àfojúdi ni, Kábíyèsí?" Ohùn rẹ̀ wá rọlẹ̀. "Ṣé mo ṣì nílé ni, àbí n ò nílé mọ́?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Baálẹ̀ fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

"Ọmọkùnrin, ìwọ lo fi súìṣì pamọ́. Títí wàá fi wá a jáde, ìwọ gan-an ni súìṣì. Wàá dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, wàá fẹ̀yìn ti bébà rẹ. Tí bàbá bá tẹ imú rẹ, wàá bẹ̀rẹ̀ mọ́ òdòdó, wàá ní kí iná tàn. Tó bá tún un tẹ̀, kí iná kú. Etí ọ̀tún ni ti kọ́tìnnì, etí òsì ni ti fáànù. Fífà ni ti etí o, kì í ṣe títẹ̀."

"Háà, Kábíyèsí! Èmi ni súìṣì?"

"Súìṣì kì í sọ̀rọ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, imú Aṣelélóge ti pọ́n bí ata, òun fúnra rẹ̀ ló sì fa ọ̀bẹ yọ.

"Bàbá, mo ti rántí ibi tí súìṣì yín wà. Ẹ jẹ́ kí n la bébà yìí kíá."

Bàbá Bíríkìlà na ẹsẹ̀ síwájú fáànù.

"Rọra, ọmọ mi. Ògiri tó lẹ́wà tó báyìí, ta ló fẹ́ bà á jẹ́?"

Ó sì tún tẹ imú Aṣelélóge, láti wò ó bóyá iná á ṣì tàn.