Oyin, Adìẹ àti Àdúà Àna Mi

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí mi ò lè gbàgbé, bí ojú mi tó wú lọ́jọ́ náà tiẹ̀ ti padà sípò. Inú ṣì ń bí mi. Mo mọ gbogbo àwọn tó ṣẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn, n ó sì dá wọn lẹ́bi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan má baà mú un jẹ.

Ẹni àkọ́kọ́ ni ọkùnrin tó ta kòkòrò oyin fún mi ní àdúgbò Shango, ní Ìpínlẹ̀ Niger níbí. Mo gba oyè ní yunifásítì, mo sì ti kàwé nípa oyin kí n tó dáwọ́ lé e. Mo mọ̀ pé ènìyàn kì í sìn ín láìní aṣọ ìbojú. Mo bi í léèrè aṣọ náà.

"Ọ̀gá, wallahi, oyin tèmi kì í ta ènìyàn. Bí àgùntàn ni wọ́n rí. Aṣọ yẹn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, babu damuwa, ẹ má ṣèyọnu."

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì dé. Òun kan náà ló bá mi ra àwọn òròmọdìẹ, tó búra pé gbogbo wọn ni yóò yé ẹyin. Nígbà tí wọ́n dàgbà, ìdajì wọn ń kọ. Èmi tí mo fẹ́ máa ta ẹyin wá di ẹni tí àdúgbò wa ní Maitumbi ń bú pé kò jẹ́ kí àwọn sùn.

Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí mo ń lò, ti bàbá ìyàwó mi ni. Alfa ni wọ́n, ọmọ Ìlọrin. Ganiyu, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Bàbá wá ní àwọn yóò wo iṣẹ́ wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: bó bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, àwa la ni ilẹ̀, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Ganiyu ló ni ín. Èmi jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ mi. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni bàbá ti ń fura pé Àmín mi kì í ti inú wá. Mo pinnu pé lọ́jọ́ yẹn, wọn ò ní rí àléébù kankan lára mi.

Bọ̀dá Ganiyu ló fi alùpùpù gbé bàbá wá. Ẹ̀yìnkùlé gbòòrò o, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àpótí oyin ni bọ̀dá rí fi alùpùpù gbígbóná tì.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, oyin wà nínú ìyẹn."

"Ṣé oyin fẹ́ gùn ún ni? Ẹ̀yin tí ẹ kàwé yìí, ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò tó jìnnà dáadáa. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Kí n tó rí alùpùpù náà gbé kúrò, bàbá ti dé iwájú mi, lọ́fínńdà Jímọ̀ ń ta sánsán lára wọn. Oyin kì í fẹ́ òórùn líle. Mo kà á. Ṣùgbọ́n àna ló dé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá na ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n dijú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúà. Bí àna bá ń ṣàdúà lé ọ lórí, o ò gbọdọ̀ dìde, o ò sì gbọdọ̀ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn.

"Ọlọ́hun á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín."

"Àmín."

Àkùkọ kan, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ní yóò yé ẹyin, fò gun alùpùpù, ó bọ́ sórí àpótí oyin, ó ń fi èékánná ha á bí ẹni ń wá ọkà. Oyin tú jáde. Èyí àkọ́kọ́ ta mí lọ́rùn.

"Ẹ ò ní rí ìbànújẹ́."

"Àmín!"

Bàbá ké sí abẹ́ máńgòrò láìlajú. "Ganiyu, ṣé o gbọ́? Ọmọ yìí ti ń gba àdúà báyìí." Ni wọ́n bá tún un mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí oyin ṣe ń ta mí ni Àmín mi ń lọ sókè. Bí Àmín mi ṣe ń lọ sókè ni àdúà ń gùn sí i. Ó kan ọmọ tí a bí, ó kan èyí tí a ò tíì bí. Ó kan gbogbo arìnrìn-àjò. Ó kan Ìpínlẹ̀ Niger látòkèdélẹ̀. "Bàbá, oyin dé" ni ohun tí mo nílò láti sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé ti pa mí lẹ́nu mọ́.

Oyin kan wá bà lé ìpéǹpéjú bàbá. Àdúà parí síbẹ̀.

"Subuhanallai, kí lèyí?"

Mo fò dìde, mo gbá àna mi lọ́wọ́ mú, mo wọ́ wọn wọ inú ilé adìẹ, mo sì tìlẹ̀kùn. Ìgbà tí àwa méjèèjì lóṣòó sínú ìgbẹ́ adìẹ tán ni mo rántí pé wáyà ni mo fi ṣe ilé náà, ihò rẹ̀ sì tóbi ju oyin lọ.

Bàbá da agbádá funfun borí. "Ilẹ̀kùn tí o tì yìí," wọ́n bi mí látinú rẹ̀, "ta lo tì í mọ́?"

Bọ̀dá Ganiyu ní tiẹ̀ ti sá dé títì.

Ràmọ́tù, ìyàwó mi, ló jáde láti ilé ìdáná. Ó ti fi ìbòrí bojú, ó gbé iná sínú páànù, ó sì da pòpórò àgbàdo tútù lé e. Èéfín bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, oyin bẹ̀rẹ̀ sí padà sínú àpótí. Kò pariwo rárá. Ó kàn ní, "Bàbá, ẹ jáde. Bàbá ọmọ mi, ẹ̀yin náà."

Nínú pálọ̀, bàbá fi ojú kan wò wá, èkejì ti wú dí. Bọ̀dá Ganiyu ti padà dé, kò sì tijú.

"Bàbá, ẹ ti rí i fúnra yín. Ṣọ́ọ̀bù kì í ta ènìyàn."

"Ìwọ dákẹ́. Ẹni tó sá fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún oyin kò ní ilẹ̀ kankan níbí."

Inú mi dùn, mo ti fẹ́ tún dọ̀bálẹ̀. Bàbá yíjú sí mi. "Ìwọ náà, o rí oyin, o ń ṣe Àmín. Ràmọ́tù ni mo fún ní ilẹ̀ náà."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ọ̀wọ̀ kò ní kí ènìyàn má sọ pé ewu ń bọ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀kọ́ ilé di ara rẹ̀ lẹ́nu, àti àgbà tó ń bọ̀wọ̀ fún àti òun fúnra rẹ̀ ni yóò jìyà. Ẹ̀kọ́ náà yé mi, ṣùgbọ́n kò dín ìbínú mi kù. Lánàá, mo ní kí n gbé àpótí oyin lọ sí igun kejì. Ràmọ́tù ní kí n kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Mo fi ìbínú wọ yàrá, mo tìlẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbé mi, mo sì fi ìrọ̀rí dí ẹnu, kí onílẹ̀ má baà gbọ́.