Àṣẹ Tuntun Lórí Párì Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Baálẹ̀

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ìrókò, ẹ sọ ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀ lórí iná, ẹ wá gbọ́! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Baálẹ̀ ló rán akéde sí yín!

Gbogbo wa la wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Baálẹ̀ Oyèékànmí fi orógbó ọdún iṣu sẹ́nu, ó deyín mọ́ ọn, a gbọ́ kàù, a hó yèè! Eyín ló kán. Orógbó ò ṣe nǹkan kan! Bẹ́ẹ̀, bí Baálẹ̀ ò bá fi eyín fọ́ orógbó lójú gbogbo ìlú, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jẹ iṣu tuntun. Ìtìjú yìí ò jẹ́ kó sùn.

Dókítà eyín ti wá bu egungun kún párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí eyín tuntun lè ríbi jókòó. Ó fi oògùn sójú ibẹ̀ gan-an, kí egungun náà lè tètè mú. Ojú ibẹ̀ gan-an! Kì í ṣe oògùn gbígbé mì!

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ ìgbìmọ̀ ìlú kọjá ààlà. Wọ́n ti pàṣẹ!

Èkíní! Ibi tó bá ń dunni ni kí oògùn wà. Ẹni tí orí ń fọ́, kó gbé hóró oògùn lé orí, kó dé fìlà lé e. Ọ̀tún Baálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Orí ṣì ń fọ́ ọ, ṣùgbọ́n fìlà náà yẹ ẹ́.

Èkejì! Afárá odò tó dá, a ti fi oògùn sójú ibẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gùn ún títí yóò fi jinná!

Ẹ̀kẹta! Ẹ yé gbé àdí àti ata ilẹ̀ wá fi pa Baálẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́! Ìyá Abọ́sẹ̀dé, ẹ̀gbọ́n Baálẹ̀, ẹ̀yin là ń bá wí. Ẹ ní, “Àbúrò mi ni, ẹ jẹ́ n kàn fọwọ́ bà á.” Ẹ má fọwọ́ bà á o! Ẹ má fọwọ́ bà á!

Ẹ̀kẹrin! Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pa Baálẹ̀ lẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín lè ṣí egungun nídìí. Ẹni tó bá pa á lẹ́rìn-ín, ọ̀já la ó fi dì í lẹ́nu títí ọjọ́ orógbó!

Ẹ dákẹ́ ná. Ta ló ń rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé Baálẹ̀ yẹn?

Yéè! Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni! Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú! Dókítà ti sáré wọlé… Ó ti jáde. Ó ní egungun ò yẹ̀! A ó jẹ iṣu! A ó jẹ iṣu o!

Ṣùgbọ́n àṣẹ ti jáde. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ló ń gbé ọ̀já bọ̀ yìí. Èmi akéde ló pa Baálẹ̀ lẹ́rìn-ín; iṣẹ́ ìlú ni mo jẹ́, ẹnu mi ló kó bá mi. Ó di ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ kàù!