Etí Àgbà Sàngó

Ọlọ́run fún olúkúlùkù ní etí méjì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi Cornelius Ọ̀ṣìnúbí léèrè, yóò sọ fún yín pé tòun nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Tiwa, gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ rẹ̀, ìkọ́ tí a fi ń gbé awò ojú kọ́ lásán ni.

Cornelius ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tí ń hù bí olú ní agbègbè Ọ̀tà nígbà náà, nígbà tí ìjọ kan kì í kan òrùlé gbọ̀ngàn rẹ̀ tán kí ìjọ mìíràn tó da yanrìn sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, kóòtù aláwọ̀ eérú ni yóò wọ̀, yóò sì wé ìborùn onírun mọ́ ọrùn bí ẹni tí yìnyín ń bọ̀ wá bá ní Ìjókò. Bí ó bá ń rìn lọ ní Sàngó, ó máa ń rọra mi orí, kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé orin kan ń lọ nínú rẹ̀ tí kò kàn wọ́n.

Oríkì tí ó sọ ara rẹ̀ kò níye: Agbọ́rin-kí-ó-tó-jáde, Afetí-ríran, Ọ̀mọ̀ràn tí í mọ oyún inú gìtá.

Ẹgbẹ́ olórin kan tí ń jẹ́ Igbe Irin ni ó sọ ọ́ di ẹlẹ́nu gígùn. Jabez, ẹni tí ń lu gìtá níbẹ̀, jẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ìgò ní Àgbàrá. Títílọlá tí ń kọrin ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rí, kí wọ́n tó ní ohùn rẹ̀ ti le jù fún ilé Olúwa. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é bí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe é. Wọ́n po ariwo ilé iṣẹ́ mọ́ orin ìyìn, wọ́n sì fi Yorùbá kọ ọ́. Orin náà ya ìlú sí méjì. Àwọn kan ní irú rẹ̀ kò sí lábẹ́ ọ̀run. Àwọn yòókù ní irú rẹ̀ kò tilẹ̀ gbọdọ̀ sí.

Ṣọ́ọ̀bù Ọmọ́wùnmí ni àríyànjiyàn náà ti máa ń gbóná. Ọmọ Ìlaròó ni Ọmọ́wùnmí, ó ń ta àwo orin ní ẹ̀bá ọ̀nà ní Sàngó, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju abẹ ìfárí lọ.

"Èmi kò sọ pé wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe," ni ó wí ní ọjọ́ kan. "Àwo wọn àkọ́kọ́ pa mí lẹ́kún. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti ń pè wọ́n ní àgbà, wọn kò wá orin kiri mọ́. Ariwo ni wọ́n ń ṣe, ẹ̀yin sì ń pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n bá ti ẹ̀rọ ìlọta jáde sí yín lọ́la, ẹ ó ní ohùn rẹ̀ jinlẹ̀."

"Má sọ bẹ́ẹ̀, ìyá mi," ni Kàsúmù dá a lóhùn. Aránṣọ ni Kàsúmù, bàbá Sírájúdéènì, òun náà sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ Igbe Irin. "Orin wọn ni mo fi ń ránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi pàápàá máa ń bá wọn gbè é."

"Ẹ ṣeun, Bàbá Sírájúdéènì. Ẹ ti bá mi parí ọ̀rọ̀ mi."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Cornelius nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn wo Ọmọ́wùnmí bí olùkọ́ ti í wo ọmọ tí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ dàrú.

"Arábìnrin, ẹ̀bi yín kọ́. Ojú ni ẹ fi ń gbọ́ orin. Ẹni tí ó bá la ojú sí Igbe Irin, ó ti pàdánù. Ìpele méje ni orin wọn ní, ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀yin ṣì dúró sí."

"Ìpele wo ni ẹ̀yin wà, ẹ̀gbọ́n?"

"Mo ti kọjá ìkeje."

"Ó dára. Ẹ bá wa kí àwọn ará ibẹ̀."

Ẹ má rò pé òùngbẹ orin nìkan ni ó ń gbẹ Cornelius. Oyè ni ó ń wá. Nígbà tí kò sì rí oyè tí ó bá etí rẹ̀ mu, ó dá ọ̀kan sílẹ̀ fúnra rẹ̀: Etí Àgbà. Ó rọ Kàsúmù títí ẹgbẹ́ fi gbà pé kí àpérò ńlá kan wáyé ní gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Ìjókò. Ọmọ́wùnmí yóò sọ ìdí tí Igbe Irin kò fi yẹ fún ìyìn tí à ń yìn wọ́n. Cornelius yóò sọ ìdí tí ó fi yẹ wọ́n. Igbe Irin fúnra wọn yóò wá lu orin tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́, Cornelius yóò sì túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti ń lọ. Bí ó bá borí nínú ìbò, wọn yóò wé ọ̀já oyè mọ́ ọn láyà, àti láti ọjọ́ náà lọ, níbikíbi tí Igbe Irin bá ti ń ṣeré, Etí Àgbà yóò jókòó ní iwájú wọn lórí ìtàgé, yóò sì ṣàlàyé orin kí wọ́n tó lù ú.

Jabez kò kọ́kọ́ gbà pé òun gbọ́ dáadáa.

"Kí a tó lu orin kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n?"

"Orin kọ̀ọ̀kan, àbúrò mi. Àwọn ènìyàn yìí kò ní òye. Èmi ni afárá láàárín ẹ̀yin àti àwọn."

Jabez wo Títílọlá, Títílọlá wo ilẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ni ó ń bá wọn gba gbọ̀ngàn. Ọmọ tí a gbé pọ̀n kì í bá ẹni tí ó pọ̀n ọ́n jà lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n wọ inú egungun, nítorí ẹni tí ó bá ṣàlàyé orin kí a tó kọ ọ́, ó ti jẹ ẹ́ tán kí a tó gbé e dé iwájú àlejò.

Ohun tí ó wá da iyọ̀ sí ojú ọgbẹ́ náà ni irọ́ tí Cornelius ń pa kiri. "Orin tuntun yẹn?" ni yóò wí. "Inú yàrá Jabez ni wọ́n ti lù ú fún èmi nìkan. Mo tilẹ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà." Bẹ́ẹ̀ ni Cornelius kò mọ ọ̀nà yàrá Jabez, àfi bí afẹ́fẹ́ bá gbé e lọ.

Àwọn àgbà ní, etí tí ó bá gbọ́ àgbọ́jù yóò gbọ́ ohun tí ẹnu kò sọ. Bí àwọn àgbà kò bá sì tíì sọ ọ́, ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́: akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ Àgbàrá tí kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, ọmọ ìjọ, oníṣòwò. Fáànù ń yí lórí àjà. Kàsúmù tẹ́ ọ̀já oyè náà sí orí tábìlì, ó pupa, ó ń dán, ó sì ti fi òwú wúrà kọ ETÍ ÀGBÀ sí i lára. Cornelius wọlé nínú kóòtù àti ìborùn rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn alágbèéká dání, irú èyí tí ń lo bátìrì, tí àwọn oníwàásù fi ń jí wa ní abẹ́ afárá Sàngó. Ó yá a kí ohùn rẹ̀ lè borí gìtá.

Ọmọ́wùnmí kò sọ púpọ̀. "Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ènìyàn a máa sọ fún un bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ rẹ̀. A fẹ́ràn Igbe Irin, ṣùgbọ́n àyìnjù ń bà wọ́n jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu orin, kí a fi etí ara wa gbọ́." Ó jókòó.

Cornelius dìde. Ó wo ọ̀já náà bí ebi ti í wo ìṣáásùn. "Ẹ̀yin ará," ni ó ké nínú ẹ̀rọ, "ẹ jẹ́ kí a pa ojú wa dé!"

Bí wọ́n bá wí bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀tà, ojú á ti dé kí ọkàn tó béèrè ìdí. Ìsìn òwúrọ̀, àdúrà ọ̀sán, ìwàásù inú ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ti kọ́ ìpéǹpéjú wa. Kàsúmù tí ó jẹ́ Mùsùlùmí pàápàá ti kọ́ ọ lára àwọn aládùúgbò rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn pa ojú dé. Cornelius di tirẹ̀ jùlọ, títí iwájú orí rẹ̀ fi ká jọ.

Jabez gbé ọwọ́ sókè láti lu gìtá. Ní ìṣẹ́jú àáyá náà gan-an ni iná lọ.

Gìtá tí kò rí iná kò yàtọ̀ sí igi ìdáná. Jabez ta okùn rẹ̀, kò sí ìró. Ó la ẹnu láti sọ fún àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n Títílọlá fi ìka lé ètè. "Fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀," ni ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣebí wọ́n ní àwọn ti gbọ́ orin náà."

Ní abẹ́ fèrèsé, Gbọ́ládé tí ń ṣọ́ gbọ̀ngàn náà sáré lọ sí ìdí jẹnẹrétọ̀ ìjọ, èyí tí ara rẹ̀ kò dá láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fa okùn rẹ̀.

Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ẹ̀… pòò!

Inú Cornelius dùn dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. "Ẹ gbọ́ ọ!" ni ó ké. "Ìbẹ̀rẹ̀ tí mo ní kí wọ́n má yí padà nìyẹn! Gìtá ń wúkọ́. Ikọ́ ta ni? Ikọ́ òṣìṣẹ́ tí ó ti Àgbàrá dé, tí kò bá omi nínú ìkòkò!"

Gbọ́ládé tún fà á. Kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀… ó dákẹ́.

"Ẹ gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn? Olórin kékeré kò tó bẹ́ẹ̀ láti dákẹ́!"

Àwọn olólùfẹ́ ń mi orí. Arákùnrin kan nu omijé. Ní ìkẹta, ẹ̀rọ náà gbà, kò mú iná wá, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ké fíìì-gbàgbà-fíìì, bí ẹlẹ́dẹ̀ tí ó há sí ẹnu ọ̀nà irin.

"Ìpele wo nìyí, ọ̀gá?" Kàsúmù béèrè tọkàntọkàn.

"Ìkarùn-ún! Ṣé ẹ kò mọ̀ ọ́n lára? Ooru ti ń mú yín! Agbára orin ni!"

Òótọ́ ni ooru ń mú wọn, nítorí fáànù ti dúró. Ooru náà ni ó la ojú Ọmọ́wùnmí. Ó wo àjà. Ó wo ìtàgé. Ó rọra fi ọwọ́ kan aládùúgbò rẹ̀, onítọ̀hún fi ọwọ́ kan ẹlòmíràn, ojú sì ń là káàkiri gbọ̀ngàn bí ìgbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n Cornelius," ni Ọmọ́wùnmí pè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ta ni ó ń lu ibi tí ó dùn yìí?"

"Jabez ni! Ta ni ì bá tún jẹ́? Ẹ gbọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀!"

"Èmi rèé, ẹ̀gbọ́n," ni Jabez wí ní ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀.

"Ẹ ò rí nǹkan! Ó ń bá mi sọ̀rọ̀, kò sì ṣi orin lù!"

Ẹ̀rín tí ó bú jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ ká páànù òrùlé. Cornelius la ojú. Jabez dúró tì í, gìtá wà lọ́rùn rẹ̀, omi inú ọ̀rá wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń fà á mu. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìta náà pariwo kan ṣoṣo, ó sì kú. Gbọ́ládé wọlé, epo dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú," ni ó wí. "Mo mọ̀ pé ariwo rẹ̀ kò ṣeé gbọ́. Mo ti ń sọ fún ìjọ pé kí wọ́n tún un ṣe."

Kàsúmù di ọ̀já pupa náà mú, ojú tì í bí ẹni pé òun ni ó sọ̀rọ̀. "Ẹgbẹ́ ti ṣèlérí ọ̀já yìí," ni ó wí. "Ta ni kí a wé e fún báyìí?"

"Ẹni tí ó kọrin fún wa," ni Ọmọ́wùnmí dáhùn.

Kò sí ẹni tí ó tún dìbò. Wọ́n rọ́ jáde, wọ́n sì wé ọ̀já Etí Àgbà mọ́ jẹnẹrétọ̀ náà láyà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n kí i kú oyè.

Nígbà tí iná padà, wọ́n wọlé lọ gbọ́ orin tuntun náà. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gìtá rárá. Ohùn Títílọlá nìkan ṣoṣo ni, ó rọ̀ bí ìrì, ó ń pe orúkọ àwọn tí yóò lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ́wùnmí la ojú sílẹ̀ kedere, kò sì wá àṣìṣe kankan. Nígbà tí gìtá Jabez wọlé, ó sún àga rẹ̀ síwájú.

Ní ìta, Gbọ́ládé bá Cornelius ní ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, ọkùnrin àti ẹ̀rọ dákẹ́, ẹ̀rọ nìkan ni ó sì wé ọ̀já.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò ní wọlé ni? Orin tuntun yẹn ni wọ́n ń kọ."

Cornelius tún ìborùn rẹ̀ wé mọ́ ọrùn.

"Mo ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀," ni ó wí.