Ọmọ Tí Wọ́n Bí Sínú Píjò

Ẹjọ́ tó wọ àgbàlá Baálẹ̀ wa ní Ìjẹ̀dẹ̀ lánàá, ọkọ̀ àtijọ́ ló fà á, ọmọ tuntun ló sọ ọ́ di ńlá. Bísíríyù, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ń ta ẹja, ló pe ẹjọ́. Adéòjó ló pè. Ilé kan náà ni wọ́n jọ háyà. Ìwó ni Adéòjó ti wá, ó ti pẹ́ láàárín wa, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó Píjò tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

Baálẹ̀ jókòó, Ọ̀tún jókòó tì í, ìyókù ìgbìmọ̀ tò sórí àga oníke. Píjò náà wà lábẹ́ igi máńgòrò níta, nítorí Adéòjó ní ẹlẹ́rìí òun ni.

"Bísíríyù, kí ló ṣẹlẹ̀?" Baálẹ̀ bi í.

"Kábíyèsí, ìyàwó mi Waliyah ń rọbí. Mo ti fẹ́ pe kẹ̀kẹ́ Márúwá kó gbé wa lọ sí ọsibítù ní Ìkòròdú. Bọ̀dá Adéòjó ní kí n má fi àbùkù kan àwọn, pé Píjò ti gbé aboyún rí."

"Aboyún wo?"

"Ìyá tiwọn ni, Kábíyèsí. Àwọn fúnra wọn ló wà nínú oyún náà."

Ọ̀tún yíjú sí ògiri.

"Ọkọ̀ gbéra dáadáa. A ò tíì dé Ìtàmágà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wú u lẹ́ẹ̀kan, ó wú u lẹ́ẹ̀kejì, ó kú. Bọ̀dá yí kọ́kọ́rọ́ títí, ó kàn ń ké lásán ni, kò jí. Inú rẹ̀ ni Waliyah bímọ sí, lórí àga ẹ̀yìn, létí títì, lójú ọ̀sán gangan, tí àwọn tó ń kọjá lórí ọ̀kadà ń kí mi kú oríire."

"Ìyá ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà, a dúpẹ́." Ó nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀ tó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

"Kí wá ni ẹjọ́?"

"Ẹjọ́ méjì ni. Àkọ́kọ́, ọkọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di opó ọkùnrin. Èkejì, ọ̀la la fẹ́ sọmọ lórúkọ, Bọ̀dá Adéòjó sì ní Ọláníyọnu lọmọ máa jẹ́. Orúkọ bàbá wọn ni. Wọ́n ní inú ọkọ̀ bàbá àwọn ni wọ́n bí i sí, torí náà ọmọ ilé àwọn ni. Wọ́n ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Ní ìdí kànga, Ìyá Ọláníyọnu ni wọ́n ń pe ìyàwó mi báyìí. Ẹ gbà mí, Kábíyèsí."

Adéòjó dìde, ó tún ọrùn bùbá rẹ̀ ṣe.

"Kábíyèsí, ẹni tó bá ní ọkọ̀ mi bàjẹ́ kò sọ òótọ́. Kò bàjẹ́. Ó dúró ni."

"Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?"

"Ọkọ̀ tó bàjẹ́ kò mọ ohun tó ń ṣe. Èyí mọ̀ ọ́n. Ọmọ ti dé ẹnu ọ̀nà, kòtò sì pọ̀ níwájú. Ká ní ọkọ̀ òde òní tí kò ní làákàyè ni, ṣe ni ì bá máa sáré lọ, kó máa gbo ìyá ọmọ bí ẹni gbo ìgò oògùn. Píjò bọ̀wọ̀ fún ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Ó dúró. Ọmọ dé, ọmọ ké, ọkọ̀ sì jí lójú ẹsẹ̀. Ta ló gbẹ̀bí níbẹ̀, bí kì í bá ṣe bàbá mi?"

"Bàbá rẹ ti kú, Adéòjó."

"Ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì kú, Kábíyèsí."

"Ojoojúmọ́ ló ń kú," Bísíríyù dá sí i. "Èmi ni mo ń tì í."

Baálẹ̀ ní kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Dáúdà ló kọ́kọ́ jáde, mẹkáníìkì tó ń tọ́jú Píjò náà láti ìgbà tó ti dé Ìjẹ̀dẹ̀. Ó ti fọwọ́, ṣùgbọ́n gírísì kò gbà.

"Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni ọkọ̀ kú sí, Kábíyèsí. Ibẹ̀ ló sábà máa ń kú sí."

"Kí ló fà á?"

"Ó mọ ilé dókítà rẹ̀."

"Kí ló wá ń ṣe é, ìwọ dókítà?"

"Epo ni kì í dé inú ẹ́ńjìnì. Mo yọ rọ́bà epo lẹ́nu kabúrétọ̀, mo ní kí Bọ̀dá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀kán epo kan kò jáde. Mo kọ́kọ́ rò pé pulọ́ọ̀gì ni, mo pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá mo ní asẹ́ epo ni, mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo tún wá rí i pé pọ́m̀pù ni."

"Èwo gan-an nínú wọn ni?"

"Gbogbo wọn ni. Bí mo bá ti ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan tán, ọkọ̀ á jí."

"Lẹ́yìn náà á tún kú."

"Ikú mìíràn nìyẹn, Kábíyèsí."

"Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ yìí ńkọ́?"

"Mo fi sípánà lu pọ́m̀pù, ó sì jí. Kì í ṣe igbe ọmọ, kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni. Sípánà ni."

"O ti lu pọ́m̀pù kí ọmọ tó dé," Adéòjó wí. "Kò sì jí."

"Lẹ́yìn tí ọmọ dé ni mo lù ú."

"Kò lù ú rárá," Bísíríyù wí. "Dáúdà kì í wo ẹ̀jẹ̀. Ó ti dijú, ó ń táràrà wá ibi tó máa jókòó sí. Èmi ni mo bọ́ sídìí kọ́kọ́rọ́, mo ní Bisimilláì, mo yí i, ó dún."

"Èmi ni mo wà ní ìdí kọ́kọ́rọ́," Adéòjó wí.

"Ẹ̀yin wà lójú títì, ẹ ń kí àwọn èèyàn, ẹ ń sọ pé bàbá yín ti tún ayé wá," Bísíríyù wí.

Baálẹ̀ wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní kí wọ́n jókòó. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Wọ́n pe Màmá Mọ́fẹ́yìsára, àgbà agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Dáúdà. Òun ló gba ọmọ náà. Baálẹ̀ ní kí wọ́n má jẹ́ kó dìde.

"Màmá, ta ló jí ọkọ̀?"

"Mi ò mọ̀, Baálẹ̀. Ọwọ́ mi ò dilẹ̀. Àwọn ọkùnrin yìí dúró tì mí, wọ́n ń jiyàn nípa epo. Mo gba ọmọ, mo fi ìborùn mi wé e. Ó ku ibi ọmọ. Mo ní, ta ló ní ọ̀rá tí n ó fi dì í? Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ni mo bá yíjú, mo rí ọ̀rá kan tí wọ́n fi dí ẹnu ibi tí wọ́n ń rọ epo sí. Mo tú u."

"Ọ̀rá lẹ́nu táńkì? Ìdérí rẹ̀ dà?"

"Ó sọnù nílé epo, Kábíyèsí," Adéòjó dáhùn. "Mo ṣẹ́ ọ̀rá po, mo fi rọ́bà tíúùbù dè é pinpin kí omi òjò má baà wọlé. Kò sí ìdérí tó lè dí tó o. Atẹ́gùn pàápàá kò gba ibẹ̀ kọjá."

"Ó dí lóòótọ́," Màmá wí. "Ọ̀rá náà ti jìn wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó tí kò léyín. Bí mo ṣe tú u báyìí, nǹkan kan mí kanlẹ̀, fíìì. Mo rò pé ọmọ ni, mo yíjú wò ó, ọmọ ń ké ní tirẹ̀. Kò pẹ́ sí i tí ẹ́ńjìnì dún."

"Màmá, ọ̀rá tó ń rùn fún epo lẹ fi di ibi ọmọ?" Ọ̀tún bi í.

"Ibi ọmọ ò ní imú, Ọ̀tún."

Baálẹ̀ bojú wo Píjò tó wà níta. Ó wá dìde, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e dé ìdí máńgòrò. Ó ní kí Adéòjó fi ọ̀rá mìíràn dí ẹnu táńkì náà bó ṣe máa ń ṣe é, kó jí ọkọ̀, kó fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Adéòjó dè é, ó yí kọ́kọ́rọ́, Píjò dáhùn, èéfín bo adìẹ Baálẹ̀ mọ́lẹ̀.

A dúró. Ẹ́ńjìnì ń dún. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Baálẹ̀ bi Adéòjó ohun tó dé tí kò ta ọkọ̀ náà, kó sinmi.

Adéòjó fọwọ́ lé òrùlé ọkọ̀. "Kábíyèsí, nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ẹbí pín ilé, wọ́n pín oko. Èmi ni mo kéré jù, ọkọ̀ ló kù. Àga iwájú ṣì rí bí ìjókòó rẹ̀ ṣe tẹ̀ ẹ́. Èmi àti ìyàwó mi wá ọmọ títí, a ò rí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi fi orúkọ òyìnbó sọ àwọn ọmọ tiwọn. Bí mo bá kú, ta ni yóò tún máa dá Ọláníyọnu lórúkọ?"

Bísíríyù tó ti fẹ́ sọ̀rọ̀ wolẹ̀. Ìgbà yẹn ni Píjò wúkọ́. Ó gbọ̀n, ó kú.

Dáúdà ti gbé sípánà.

"Dúró," Baálẹ̀ wí. "Bí ọkọ̀ yìí bá kú báyìí, kí lo kọ́kọ́ máa ń ṣe?"

"Mo kọ́kọ́ máa ń wò ó bóyá epo ṣì wà nínú táńkì, Kábíyèsí. Màá tú ọ̀rá, màá ti igi bọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí Waliyah ń rọbí nìkan ni ìkánjú ò jẹ́ kí n wò ó."

"Lẹ́yìn náà?"

"Màá lu pọ́m̀pù, tàbí kí n pààrọ̀ nǹkan."

"Lẹ́yìn náà?"

"Ó ti jí nìyẹn."

"Lónìí, lu pọ́m̀pù, má tú ọ̀rá."

Dáúdà lù ú. Adéòjó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ké títí, kò jí. Ó tún un lù, ó lù ú débi pé Adéòjó bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. Kò jí.

"Ó tó. Tú ọ̀rá, má lu nǹkan kan."

Dáúdà tú rọ́bà. Ọ̀rá tó ti jìn wọnú náà jáde, gbogbo wa sì gbọ́ ọ: fíìì. Adéòjó yí kọ́kọ́rọ́, ó ké díẹ̀, ó jí.

A padà sórí ìjókòó. Baálẹ̀ pe mẹkáníìkì síwájú.

"Dáúdà, bó o bá fẹ́ da wàrà inú agolo sínú tíì rẹ, ihò mélòó lo máa ń lu sí i?"

"Méjì, Kábíyèsí."

"Kí ni ìkejì wà fún?"

"Kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ wọlé, kí wàrà lè…" Dáúdà yíjú sí Píjò.

"O mọ̀ ọ́n nípa wàrà," Baálẹ̀ wí. "Ìdájọ́ tìrẹ nìyí. Jókòó sábẹ́ máńgòrò. Wọn yóò gbé agolo wàrà fún ọ, ihò kan ṣoṣo ni wọn yóò lu sí i. Fà á mu. Títí wàá fi mu ún tán, má fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí."

Ó yíjú sí Adéòjó. "Ìwọ, bàbá rẹ kò tún ayé wá níbì kankan. Ìwọ lo di ẹnu ọkọ̀ rẹ̀, tí o wá ń sọ pé ó ń bọ̀wọ̀ fúnni. Lọ ra ìdérí tó ní ojú ìmí, lónìí. Ìwọ ni wàá máa gbé ìyá àti ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ọkọ̀ bá kú lọ́nà, Bísíríyù yóò jókòó sídìí ọkọ̀, ìwọ nìkan ni yóò tì í."

"Orúkọ ọmọ ńkọ́, Kábíyèsí?" Bísíríyù bi í.

"Waliyah, ẹjọ́ yìí ti gùn tó báyìí, kò sẹ́ni tó bi ọ́ ní nǹkan kan. Kí lo fẹ́?"

Waliyah gbé ọmọ sí èjìká. "Kábíyèsí, nígbà tí mò ń jẹ̀rora, ọkọ̀ ò dáhùn, àwọn ọkùnrin ò sì gbọ́ mi. Mo ní, Ọlọ́run, ìwọ tó ń dá ẹni tó bá pè ọ́ lóhùn, dá mi lóhùn. Orúkọ tí mo fi pè é lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kí ọmọ mi jẹ́. Mujeeb, Olùdáhùn."

"Mujeeb ni," Baálẹ̀ wí.

Adéòjó tẹrí ba. Ó ní òun gbọ́.

"Mi ò tíì parí. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ kì í ṣaláì ní orúkọ tó ń pè é. Adéòjó, o lè máa pè é ní Ọláníyọnu, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ yẹn nìkan ni, ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá sì ń ṣiṣẹ́ nìkan. Tí ẹ́ńjìnì bá ti kú, Mujeeb ni. Bó o bá pè é ní Ọláníyọnu nínú ọkọ̀ tó ti kú, wàá ti ọkọ̀ náà láti ibí dé èbúté Ìpakòdo."

"Ṣé ìyá ọmọ gbà?" Ọ̀tún bèèrè.

"Mo gbà," Waliyah wí. "Ẹ̀yin náà mọ ọkọ̀ yẹn. Kì í pẹ́ kú."

Bí ìgbìmọ̀ ṣe tú ká nìyẹn. Nígbà tí mo ń lọ, Dáúdà ṣì wà lábẹ́ máńgòrò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọnú, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n.

Adéòjó ra ìdérí, ó sì gbé tọkọtaya náà àti ọmọ wọn lọ sílé. Mo bá wọn wọkọ̀ nítorí ọ̀nà wa papọ̀. Píjò kò wúkọ́ rárá. Láti àgbàlá Baálẹ̀ dé ilé, Adéòjó ń wo dígí, ó ń rọra pe orúkọ bàbá rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ọmọ sì ń sùn. A dé iwájú ilé. Bísíríyù sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn fún ìyàwó rẹ̀. Waliyah wo ọwọ́ Adéòjó lórí kọ́kọ́rọ́ tí kò fẹ́ yí i, ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun, pé òun á jókòó díẹ̀ sí i.

Nígbà tí mo ń lọ kírun Mọ̀gàríbì, ẹ́ńjìnì ṣì ń dún níwájú ilé wọn. Bísíríyù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹja. Kò sẹ́ni tó ní kí Adéòjó pa ẹ́ńjìnì.